Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tó jẹ́

Lálẹ́ Jímọ̀ tó kọjá ni NEPA tún ṣe èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. A ò tíì jẹun tán tí iná fi lọ, jẹnẹrétọ̀ ò ní epo, ooru sì mú, ni gbogbo ilé bá kó àga síta, tọmọdé tàgbà. Oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni, ó rí tín-ín-rín bí èékánná tí wọ́n gé sọ nù, nǹkan kan wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń tàn yòò, tí kò ṣẹ́jú rárá bí àwọn ìràwọ̀ yòókù ṣe máa ń ṣẹ́jú. Bọ̀ọ̀dá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ní dúróònù ni, pé àwọn ṣọ́jà ló fi ń ṣọ́ àdúgbò. Àǹtí tó ń ta gáàsì níwájú ilé ní irọ́ ni, pé sátẹ́láìtì ni, èyí tí wọ́n fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan tiẹ̀ ní ká wọlé, pé a ò mọ ohun tó ń wò wá.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, Àgùàlà ni."

Bọ̀ọ̀dá ní, "Àgù kí ni?"

Ó dùn mí díẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Torí pé ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo ti mọ orúkọ yẹn. Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́ mi, ní Ìsẹ́yìn, lórí ẹní lẹ́yìnkùlé. Wọ́n á na ọwọ́ sókè, ọwọ́ tí aró ti wọ̀ lára débi pé èékánná ò funfun mọ́, wọ́n á ní, "Àṣàkẹ́, wò ó, Àgùàlà nìyẹn." Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló máa ń tẹ̀ lé oṣù kiri fún, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá ẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù." Wọ́n máa ń pa òwe yẹn tí wọ́n bá rí ẹni tó ń bá olówó rìn tí àwọn aráyé wá sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Èmi náà gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dá èèyàn lásán ni. Ọdún bí ogún lẹ́yìn ìyẹn, lóru ọjọ́ kan tí oorun ò wá, tí dátà sì fẹ́ jóná lọ́wọ́ mi, mo tẹ "Venus", orúkọ tí òyìnbó ń pe Àgùàlà, sórí Google, mi ò sì sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Torí pé òótọ́ pọ́ńbélé ni Ìyá sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ló rí, kì í ṣe òwe nìkan.

Ẹ wo bó ṣe jìnnà sí oṣù tó. Òṣùpá fúnra ẹ̀ jìnnà sí wa tó 384,400 kìlómítà. Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò wọ̀n ọ́n. Tí dẹ́rẹ́bà kan bá ń sá 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan, tí kò dúró ra epo, tí kò dúró tọ̀, tí ọlọ́pàá ò sì béèrè pátíkúlà lọ́wọ́ ẹ̀ (mo mọ̀ pé ibí yìí gan-an lẹ ò ti ní gbà mí gbọ́), ọjọ́ 160 ló máa fi débẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Àgùàlà wá ńkọ́? Nígbà tó bá sún mọ́ wa jù lọ, ó ṣì jìnnà tó bíi mílíọ̀nù 40 kìlómítà, dẹ́rẹ́bà wa á lo ọdún 45 lójú títì, á ti tó gba pẹ́ńṣàn kó tó já èrò. Ojú wa níbí ló tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ìgbà téèyàn dúró sí gáréèjì tó ń wo òpó iná tó wà nítòsí tó wá dà bíi pé orí òkè ọ̀ọ́kán ló dúró lé.

Ìwọ̀n wọn tún wà níbẹ̀. Àgùàlà fẹ̀ ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀. Tó bá jẹ́ pé inú ẹ̀ ṣófo, tẹ́ ẹ bá ń lọ òṣùpá kúnná tẹ́ ẹ ń dà á sínú ẹ̀ bí ẹni ń da èlùbọ́ sápò, ó máa gba ogójì ó lé. Ajá wo ló ju olówó ẹ̀ lọ tó báyẹn?

Ojú wa ò ṣeé gbára lé tó bá dọ̀rọ̀ òkè yìí, òun ni mo ń sọ. Nínú ìwé tá a lò ní praímárì, wọ́n ya òṣùpá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé báyìí, bí ẹni pé téèyàn bá fò dáadáa ọwọ́ ẹ̀ á tó o. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí òṣùpá bá wà níbi tó jìnnà sí wa jù, ẹ lè to plánẹ́ẹ̀tì méjèèje yòókù sáàárín àwa àti òun, Jupiter ńlá pẹ̀lú Saturn nínú wọn, gbogbo wọn á gbà, àyè á tún ṣẹ́ kù. Nígbà tí òṣùpá sì bo oòrùn lójú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, tí ojúmọ́ ṣú lé wa lórí láàárọ̀, a rò pé ìwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì. Oòrùn fẹ̀ ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po 400, ó kàn jẹ́ pé ó tún jìnnà jù ú lọ ní bí ìlọ́po 400 náà ni, ló fi jẹ́ pé ọ̀kan ń bo èkejì gẹ́lẹ́ bí ọmọrí ìkòkò. Kò sì ní rí bẹ́ẹ̀ títí láé o, torí òṣùpá ń kúrò lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 3.8 lọ́dọọdún. Dígí tí àwọn tó lọ síbẹ̀ ní 1969 fi sílẹ̀ ni wọ́n ń tan iná léésà sí láti ayé níbí tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Olówó ajá gan-an ń ṣílé lọ.

Ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ Àgùàlà tèmi.

Ohun àkọ́kọ́ tó gba oorun lójú mi ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti ọdún. Ayé wa ń yí ara ẹ̀ po ní wákàtí 24, ìyẹn ni ọjọ́ kan, ó sì ń yí oòrùn po ní ọjọ́ 365, ìyẹn ni ọdún. Àgùàlà ń yí oòrùn po ní ọjọ́ 225 tiwa, àmọ́ kó tó yí ara ẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan péré, ọjọ́ 243! Ẹ tún un kà. Èèyàn á ṣe ọjọ́ìbí, á jẹ kéèkì tán, á fọ abọ́, plánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ò tíì yí tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn ló tún ń yí sí, ó ń yí lódìkejì sí tiwa, torí náà ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ti ń yọ níbẹ̀, ìlà oòrùn ló ń wọ̀ sí, orúkọ méjèèjì á kàn dàrú mọ́ni lẹ́nu ni. Torí pé ó ń yí sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di ìgbà tó máa tún yọ, bí ọjọ́ 117 ni. Mo ṣe ìṣirò ẹ̀ fún àbúrò mi nígbà ààwẹ̀, mo ní ẹni tó bá sààrì lórí Àgùàlà, ọjọ́ 58 ló máa kà kó tó ṣínu. Ó ní kí n má fi ẹ̀sìn ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ìṣirò ni.

Ó lọ́ra débi pé ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere níbẹ̀, tó ń wà á ní bíi kìlómítà 14 láàárín wákàtí kan, oòrùn ò ní wọ̀ lójú ẹ̀ láéláé. Á kàn máa lé e lọ ni.

Àmọ́ ta ló fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀? Ibẹ̀ gbóná tó dígírì 465, tọ̀sán tòru, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Òjé tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n ẹja máa yọ́ níbẹ̀ bíi bọ́tà ni, nítorí dígírì 327 ti tó o. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé òun kọ́ ló sún mọ́ oòrùn jù. Mercury ló wà nítòsí iná gan-an, Àgùàlà sì gbóná jù ú lọ. Ẹni tó bá ti páàkì mọ́tò sínú oòrùn ọjà rí tó wé gbogbo gíláàsì sókè, tó wá padà dé tó jókòó lé àga, ó mọ ìdí ẹ̀. Ooru wọlé, kò rọ́nà jáde. Afẹ́fẹ́ tó bo Àgùàlà, nínú ọgọ́rùn-ún, 96 ẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì, èyí tó ń jáde nímú wa àti nídìí mọ́tò, ó nípọn, ó wúwo, ìwúwo ẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ìlọ́po 92 ti afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa báyìí. Téèyàn bá dúró níbẹ̀, bí ìgbà tó wà ní nǹkan bíi 900 mítà nísàlẹ̀ òkun ló máa rí lára ẹ̀.

Ìkùukùu òkè ẹ̀ ńkọ́, ìyẹn tó jẹ́ kó máa dán lójú wa? Ásíìdì ni. Àní ásíìdì inú bátìrì mọ́tò, èyí tó jẹ aṣọ gbogbo rìwáyà àdúgbò wa ní ihò ihò, òun ló ń ṣú bí òjò níbẹ̀, ó tiẹ̀ ń rọ̀, àmọ́ ooru nísàlẹ̀ pọ̀ débi pé ó ti máa gbẹ lójú ọ̀run kó tó kan ilẹ̀. Ìkùukùu yẹn ló ń dá bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Ẹwà tí Ìyá ń fi hàn mí lórí ẹní, ásíìdì bátìrì ni gbogbo ẹ̀. Ká ní wọ́n ṣì wà láyé ni, wọ́n á ní, "Ẹ̀ẹ́n, obìnrin arẹwà," wọ́n á wá dákẹ́.

Àwọn ará Soviet, ìyẹn Rọ́ṣíà ayé ìgbà yẹn, kò gbà fún un o. Wọ́n ń ju ẹ̀rọ lọ síbẹ̀ ṣáá, ẹ̀rọ ń bà jẹ́, wọ́n ń ju òmíràn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1970, Venera 7 balẹ̀, ó fi ìròyìn ránṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 23 kó tó dákẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tí èèyàn ṣe máa balẹ̀ sórí plánẹ́ẹ̀tì mìíràn táá sì bá ilé sọ̀rọ̀. Venera 13 dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1982, ìṣẹ́jú 32 ni wọ́n ṣírò pé ó máa lò, ó fara dà á fún 127. Mo máa ń wo fọ́tò tó yà. Òkúta pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, gbogbo ẹ̀ pupa bí ọsàn tó ti pọ́n jù, etí ẹ̀rọ náà sì hàn nísàlẹ̀ fọ́tò, eyín eyín bí ayùn. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ìkejì ẹ̀, Venera 14, tó balẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ó ní ọwọ́ irin kan tó yẹ kó fi tẹ ilẹ̀ wò bóyá ó le tàbí ó rọ̀. Ìdérí kámẹ́rà ẹ̀ já bọ́ bí wọ́n ṣe ṣètò pé kó já bọ́, ibi tó wá balẹ̀ sí ni ibi tí ọwọ́ yẹn ń bọ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n rìn gbogbo ọ̀nà yẹn, wọ́n la ásíìdì kọjá, wọ́n wá lọ tẹ ìdérí kámẹ́rà tiwọn wò. Mo mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti yí padà fún mi ni ọjọ́ tí mo ń wo máàpù Àgùàlà. Ó ní máàpù, bẹ́ẹ̀ ni, ó ní òkè àti àfonífojì, wọ́n sì ti sọ gbogbo ẹ̀ lórúkọ. IAU, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, ló ń fọwọ́ sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, òfin wọn sì ni pé orúkọ obìnrin ni kí wọ́n máa fi sọ gbogbo ibẹ̀, yàtọ̀ sí mẹ́ta péré tó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ilẹ̀ róbótó kan wà níbẹ̀ tí ohun gbígbóná tì sókè láti abẹ́ tí ilẹ̀ wá sán yípo bí etí àwo, àwọn òrìṣà obìnrin tó jẹ mọ́ ilẹ̀ àti ọmọ bíbí ni wọ́n fi ń sọ ìyẹn. Mò ń wò ó lọ, mò ń wò ó lọ, ojú mi bá Oduduwa Corona.

Mo gbé fóònù sún mọ́ ojú. Odùduwà! Tiwa! Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń ká apá aṣọ báyìí pé ta ló sọ pé obìnrin ni Odùduwà. Ẹ fara balẹ̀, ìtàn kan wà láàárín wa tó ní obìnrin ni, pé ìyàwó Ọbàtálá ni, òun làwọn onímáàpù yẹn tẹ̀ lé. Tí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ bá ẹgbẹ́ ọ̀hún jà, mi ò sí ńbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá àwọn ará ilé kiri ojú ọ̀run. Mo rí Ṣàngó. Ẹ ò ní rí i lórí Àgùàlà o, ọ̀dọ̀ Jupiter ló wà. Jupiter ní òṣùpá kan tó ń jẹ́ Io, ó fi díẹ̀ tóbi ju òṣùpá tiwa lọ, kò sì sí ibi tí òkè oníná ti ń ṣiṣẹ́ tó ibẹ̀ nínú gbogbo ìdílé oòrùn, èyí tó ń yọ iná níbẹ̀ ju 400 lọ. Àwọn òrìṣà iná, oòrùn àti àrá ni wọ́n fi ń sọ ọ̀fìn àwọn òkè oníná yẹn lórúkọ, ọ̀kan nínú wọn wá ń jẹ́ Shango Patera. Olúkòso, ọba tí iná ń jáde lẹ́nu ẹ̀! Jupiter tó ń yí po fúnra ẹ̀, mànàmáná ń kọ lójú ọ̀run ẹ̀, ọkọ̀ ojú sánmà Voyager 1 rí i ní 1979. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè rí ilé fún Ṣàngó tó bá a mu ju ìyẹn lọ.

Bí wọ́n ṣe rí iná yẹn gan-an dùn létí. Ní oṣù kẹta ọdún 1979 kan náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Linda Morabito jókòó ní Kalifóníà, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa wo ipò ìràwọ̀ nínú fọ́tò tí Voyager 1 fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè mọ ibi tí ọkọ̀ náà dé. Ó mú kí fọ́tò Io mọ́lẹ̀ sí i kó lè rí ìràwọ̀ kan tó ṣe bàìbàì, ló bá rí nǹkan kan tó yọ létí Io bí agboorùn. Èéfín òkè oníná ni. Kò wá iná, ìràwọ̀ ló ń wá. Ọjọ́ díẹ̀ péré ṣáájú ìgbà yẹn sì làwọn ọkùnrin mẹ́ta kan ti kọ ọ́ pé inú Io á ti yọ́, wọ́n fi ìṣirò gbé e jáde. Ohun tó fà á ni pé Jupiter ń fà á, àwọn òṣùpá kejì àti ìkẹta, Europa àti Ganymede, náà ń fà á, kò róhun ṣe ju kó máa sún kì kó máa tú lọ, wákàtí 42 àtààbọ̀ fún ìyípo kan. Ẹ mú wáyà, ẹ ká a síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, kó tó kán ẹ fọwọ́ kan ibi tẹ́ ẹ ti ń ká a. Ó gbóná, àbí? Iná Ṣàngó nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ló wọ̀ mí lára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló kéré jù. Láàárín Mars àti Jupiter, ìdí òkúta òkúta ló wà níbẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú wọn ni Ceres, kò fẹ̀ ju bíi 940 kìlómítà lọ. Ọkọ̀ Dawn ti NASA dé ibẹ̀ ní 2015. Àwọn òrìṣà oko àti irè oko láti ibi gbogbo láyé ni wọ́n fi ń sọ àwọn kòtò ibẹ̀ lórúkọ, kòtò kékeré kan, bíi kìlómítà 10, wá ń jẹ́ Oxo. Àlàyé tí wọ́n kọ sí i ni pé òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ní Brazil ni, pé ọ̀dọ̀ Yorùbá ló ti ṣẹ̀ wá. Òrìṣà Oko ni mo rí níbẹ̀. X ni Brazil fi ń kọ ṣ tiwa, Xangô ni Ṣàngó, Oxum ni Ọ̀ṣun, torí náà tẹ́ ẹ bá ka Oxo bí wọ́n ṣe ń ka x, ẹ ti pe oṣó nìyẹn, ẹ rọra o. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé orúkọ yẹn kọjá òkun, inú ọkọ̀ ẹrú ló wà, kò ní ẹrù kankan lọ́wọ́ ju ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ló wà lórí máàpù yẹn. Kòtò náà sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí omi dídì kedere lójú ilẹ̀ Ceres. Omi, ní ilé Òrìṣà Oko.

Mo ń sọ gbogbo èyí lálẹ́ Jímọ̀ yẹn, Bọ̀ọ̀dá yàrá ẹ̀yìn ti sùn lórí àga, ẹnu là sílẹ̀. Ọmọbìnrin àǹtí alágáàsì nìkan ló ń gbọ́ mi dé ìdí, ọmọ kíláàsì kẹta. Ó bi mí pé ṣé a lè dúró títí di ọ̀gànjọ́ kí Àgùàlà lè dé àárín orí wa. Mo ní kò lè débẹ̀ láéláé. Mo ní kó rò ó bí ìgbà tá a yí iná ká, àwa jókòó jìnnà, ẹnìkan wá ń rìn yí iná náà po láàárín àwa àti òun. Tó bá fẹ́ rí ẹni yẹn, ibi iná ló gbọ́dọ̀ kọjú sí, ẹni yẹn ò lè bọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀ láé. Iná ni oòrùn. Nítorí náà ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ tàbí ìdájí kó tó yọ nìkan la ti ń rí Àgùàlà.

Ó dákẹ́. Oṣù ti ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn táǹkì omi ilé kejì, Àgùàlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé.

Ó ní, "Àǹtí, ibi tí oòrùn gbà lọ lòun náà ń gbà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ajá oòrùn ni nígbà yẹn."

Mo la ẹnu, mi ò rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn. NEPA mú iná dé, gbogbo ilé pariwo, ó sì ti sáré wọlé.